Ẹja Tí Tàíbátù Fi Sókè Ààrò

Ẹni tó bá ní ẹ̀san ò dùn, kò tíì jẹ ẹ́ ni. Tàíbátù aya Àlíù jẹ ẹ́, ó sì dùn mọ́ ọn dé eegun. Ohun tó tẹ̀lé e ni àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́.

Bí èèyàn bá wọ ọkọ̀ ojú omi létí omi Ọ̀jọ́, tó la ọ̀sà kọjá, tó gba àárín àwọn igi ẹ̀gbà tí gbòǹgbò wọn dúró lórí ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀ akàn, yóò kan erékùṣù Ìdó-Ẹrẹ̀. Omi iyọ̀ ló yí i ká, àmọ́ ní àárín rẹ̀ gan-an ni adágún Omídùn wà, tí omi rẹ̀ ṣe é bù mu. Òṣíbàtà bo etí rẹ̀, igi ọ̀gọ̀rọ̀ sọgbà yí i ká, àwọn erékùṣù kéékèèké sì wà láàárín rẹ̀ tó jẹ́ pé lékèélékèé nìkan ló ń sùn níbẹ̀. Ará Òkókómàíkò tí ariwo mọ́tò ń jí lójoojúmọ́ lè dé ibẹ̀ kó rò pé òun ti dití.

Ẹja Omídùn kì í ṣe ẹja tí wọ́n ń lé kiri. Ilé ni wọ́n ń kọ́ fún un. Apẹja á gé ẹ̀ka igi, á jẹ́ kó gbẹ, á sì ri wọ́n mọ́ ìsàlẹ̀ omi bí agbo. Ẹja á wọlé sáàárín ẹ̀ka, á máa jẹ ewédò tó hù lára igi, á bímọ síbẹ̀. Nígbà tí omi bá fà, wọ́n á fi àwọ̀n yí agbo náà ká, wọ́n á fa ẹ̀ka yọ, wọ́n á kó ẹja. Agbo Àlíù ló dára jù lọ nínú adágún náà. Àmọ́ òfin kan wà níbẹ̀: omi ò ní olówó, ẹ̀ka ló ni ín. Lọ́dọọdún, kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, ẹni tó ni agbo gbọ́dọ̀ ri ẹ̀ka tuntun sí i. Bí òjò bá bá agbo láìsí ẹ̀ka tuntun, ẹni tó bá kọ́kọ́ ri tirẹ̀ síbẹ̀ ló ni ín.

Lọ́dún 1984, nínú ọyẹ́, ibà pa Àlíù. Ọmọ ò dúró fún òun àti Tàíbátù. Agbo yẹn nìkan ló fi sílẹ̀. Tàíbátù wọlé opó bí ẹ̀sìn ṣe wí, kò sì gbọdọ̀ jáde títí oṣù mẹ́rin ó fi kọjá. Ó bẹ Ẹ̀hìndé, àbúrò ọkọ rẹ̀, pé kó bá òun ri ẹ̀ka. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, nítorí náà Eyínafẹ́ ló ń pè é, torí eyín rẹ̀ funfun, ó sì fẹ́ràn kó máa fi wọ́n han ayé. Eyínafẹ́ ní kó fọkàn balẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Tàíbátù rí Eyínafẹ́ láti ojú fèrèsé, ó ń tu ọkọ̀ tó kún fún ẹ̀ka lọ sí ibi agbo.

“Eyínafẹ́, ẹ̀ka ta nìyẹn?”

“Ẹ̀ka mi ni, ìyàwó wa. Òjò ti rọ̀.” Ó fi eyín hàn án.

Nígbà tó jáde opó, ó gbẹ́jọ́ lọ sọ́dọ̀ Baálẹ̀ àtàwọn àgbà. Wọ́n fetí sí i dáadáa, wọ́n tiẹ̀ bá a kẹ́dùn. Baálẹ̀ wá ní, “Òfin omi ò mọ opó, kò mọ aláìsàn. Ẹ̀ka nìkan ló mọ̀.” Ìṣe ibẹ̀ ni pé ẹni tó jàre á fún ẹni tó jẹ̀bi lẹ́ja, onítọ̀hún á sì jẹ nínú rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ ti kọ ìdájọ́, kò sì ní bu omi mu níbẹ̀ mọ́. Eyínafẹ́ gbé igbá ẹja àrọ̀ yíyan fún un. Tàíbátù jẹ ẹyọ kan, ó ń sunkún, ó ń gbé e mì. Ó da ìyókù fún ajá, àfi ọ̀kan tó fi pamọ́ sínú ìró rẹ̀.

Ẹja yẹn ló bá a la ọ̀sà kọjá dé Igbó-Elérin, nítòsí Òkókómàíkò, níbi tó ti gba yàrá kan, tó mọ ààrò sẹ́yìnkùlé, tó sì ń yan ẹja tà. Ó fi í kọ́ òkè ààrò, níbi tí èéfín ti ń lù ú lójoojúmọ́, títí ó fi dúdú bí èédú, tó le bí igi. Ìyáàfin Fọláyan, ará Èkìtì kan tó ń gbé ẹ́sítéètì Ìbà, nàka sí i lọ́jọ́ kan.

“Màmá, èyí tó wà lókè yẹn ńkọ́? Ó jọ pé ó gbẹ dáadáa.”

“Kì í ṣe títà, kọ́sítọ́mà mi. Ó lólówó.”

“Ṣé kò ní bàjẹ́ kónítọ̀hún tó dé?”

“Kò ní bàjẹ́,” ni Tàíbátù wí. “Èmi náà ò bàjẹ́.”

Bó bá kírun tán, Eyínafẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ gbàdúrà fún. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó fún un ní ẹ̀mí gígùn, kó má ṣe jẹ́ kó kú, torí òkú kì í rí ẹni tó ń gba nǹkan lọ́wọ́ òun. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti dé, á lọ gé ẹ̀ka nínú igbó ẹ̀yìn ẹ́sítéètì, á sá a kó gbẹ. Bí òjò bá rọ̀ tí ìròyìn sì dé pé Eyínafẹ́ ti ri tirẹ̀, á fi ẹ̀ka náà dáná. Àwọn aládùúgbò rò pé igi ìdáná ló ń tọ́jú. Kò já wọn nírọ́.

Nígbà tó di ọdún 1994, ìyẹn ọdún tó tẹ̀lé èyí tí wọ́n wọ́gi lé ìbò ààrẹ, Àwẹ̀ró tó ń kó ẹja wá fún un láti Ìdó-Ẹrẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀, ó ní, “Ṣé ẹ ti gbọ́? Rọpárọsẹ̀ ti mú Eyínafẹ́. Apá kan ara rẹ̀ ti kú.”

Tàíbátù sún mọ́ ọn. “Ta ló ń bá a ri ẹ̀ka?”

“Kò sí. Àwọn Ègùn tó máa ń bá a ṣe é ti sá relé nítorí wàhálà ìlú. Fúnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ní òun á ri ọ̀kan péré, àmọ́ Eyínafẹ́ kọ̀, ó ní obìnrin ò ní ri ẹ̀ka fún òun nígbà tóun wà láàyè. Ó ní ta ló tó bẹ́ẹ̀, ta ló máa fọwọ́ kan omi òun.”

Tàíbátù rẹ́rìn-ín débi pé ó fọwọ́ ti ògiri.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó ti háyà ọkọ̀ ojú omi kan létí omi Ọ̀jọ́, ó kó ẹ̀ka rẹ̀ sínú rẹ̀, ó so ẹja òkè ààrò náà mọ́ ìró. Ó wọnú Omídùn dé àyà, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ri ẹ̀ka náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń dárúkọ Àlíù. Àwọn èèyàn ti ń pé sétí omi kó tó jáde. Baálẹ̀ náà dé, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

Eyínafẹ́ jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó dojú kọ adágún. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sápá kan, síbẹ̀ eyín rẹ̀ ṣì funfun.

“Ìyàwó,” ó ní, ohùn rẹ̀ ń wọ́, “mi ò tíì kú.”

“Èmi náà ò tíì kú nígbà yẹn.” Tàíbátù kọjú sí Baálẹ̀. “Ẹ̀yin àgbà, ṣé òfin omi ti wá mọ aláìsàn ni?”

Baálẹ̀ wo ilẹ̀. “Ẹ̀ka nìkan ló mọ̀,” ló wí.

Tàíbátù tú ẹja náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Eyínafẹ́. “Ẹja yín rèé. Mo bá yín tọ́jú ẹ̀.”

Eyínafẹ́ wo ẹja náà títí. Nígbà tó mọ̀ ọ́n, omi lé sí i lójú. Ó ní ohun tó lè sọ, àmọ́ gbogbo ìlú ló ń wò ó, bó bá sì kọ̀ ọ́, kò ní bu omi mu níbẹ̀ mọ́. Ó bu ẹja náà jẹ. Ó ń rún un, kò rún. Ẹ̀jẹ̀ hàn lára eyín rẹ̀, itọ́ ń dà sí àyà rẹ̀. Tàíbátù dúró síwájú rẹ̀ títí ó fi gbé e mì. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, inú Tàíbátù ò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, kò sì tijú.

Fúnkẹ́ ló fi ìró nu ẹnu ọkọ rẹ̀. Ọ̀dọ́ ni, kò tíì fẹ́ ẹ nígbà tí wọ́n gba agbo lọ́wọ́ opó. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó gba ìyókù ẹja náà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó wọ ilé ìdáná tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó gun orí odó, ó sì fi í kọ́ òkè ààrò tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló jáde wá bá Tàíbátù.

“Ẹ máa mójú tó ẹ̀ka yín, màmá,” ó ní. Ó kúnlẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.