Àga Bàbá Vigil ní Steinrain

Ẹ má bi mí nípa àwọn ará Steinrain. Inú mi ò tíì rọ̀ sí wọn.

Ìsàlẹ̀ òkè abúlé wa, Oberlauch, ni bàbá ọkọ mi, Bàbá Vigil, ti ṣiṣẹ́ títí ó fi darúgbó. Ẹ̀rọ ń yí okùn irin po, àga oníjókòó méjì-méjì so rọ̀ mọ́ ọn, wọ́n ń gbé àwọn tó fẹ́ fi pákó ẹsẹ̀ yọ̀ wálẹ̀ lórí yìnyín gòkè. Bí àga bá ń bọ̀, Bàbá á fọwọ́ dá a dúró díẹ̀ kó má baà gbá èèyàn nídìí. "Jókòó, jàre! Ṣé ìyàwó lò ń dúró dè ni?" Nígbà tí pákó àga kan kán, igi ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló fi tún un ṣe. Àga yẹn ni ààyò rẹ̀.

Yìnyín kọ̀ wá sílẹ̀, kò bọ́ lọ́dọ̀ wa mọ́. Abúlé ta ẹ̀rọ náà fún Steinrain lókè lọ́hùn-ún, àwọn tó ń pè wá ní ará ẹrẹ̀. Kí wọ́n tó wá kó o, kálukú ti gbé àga kọ̀ọ̀kan síwájú ilé rẹ̀ láti máa fi gba atẹ́gùn; Bàbá gbé ààyò tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó bèèrè bóyá àga wà lára ohun tí a tà.

Lechthaler, ọ̀gá òkè Steinrain, pe ọkọ mi Kassian, tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà lọ́dọ̀ wa. "Gbogbo àga ni mo rà. Kó wọn wá pé, kí n fún ẹ níṣẹ́ ìdí ẹ̀rọ. Bí ọ̀kan bá dín, wá iṣẹ́ síbòmíràn."

Kassian ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ó jẹ èébú yó. "Ẹ wá wo ọmọ Vigil, tó ń fa àga yọ lábẹ́ ìdí àgbà!" Ti bàbá rẹ̀ ló kù.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Iṣẹ́ mi ló so mọ́ ọn."

Bàbá ò dìde. "Ṣé á máa gbé èèyàn?"

"Á máa gbé èèyàn, Bàbá."

Ó dìde, ó fọwọ́ nu pákó náà, ó wọlé.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń bí mi nínú. Òkè tiwọn kúrú ju tiwa lọ! Wọ́n gé okùn, àga ṣẹ́ kù. Kassian bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n so ti bàbá òun.

"Èyí tó ní àbùlẹ̀ igi yẹn?" ni Lechthaler wí. "Kí àlejò rí i?" Ó gbé e síwájú ilé ara rẹ̀. Ajá rẹ̀ ló ń sùn lórí ẹ̀.

Mo ní kí Kassian sọ fún bàbá rẹ̀. Ó ní lọ́la. Lọ́la ò dé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ náà ní Steinrain, Bàbá wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó dúró nísàlẹ̀ okùn, èmi náà dúró tì í. Àwọn èèyàn ń mu wáìnì gbígbóná, òun ò wo ibẹ̀. "Kì í ṣe èyí. Kì í ṣe èyí náà. Ìyàwó, fara balẹ̀, ó ń bọ̀ lẹ́yìn."

Okùn dúró lójijì. Kassian jáde láti ìdí ẹ̀rọ.

"Bàbá, àga yín ò sí níbẹ̀. Ó wà níwájú ilé ọ̀gá. Ẹ dárí jì mí."

Bàbá gbójú sókè wo àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ń mì nínú afẹ́fẹ́.

"Ṣé wọ́n fún ẹ níṣẹ́ náà?"

"Wọ́n fún mi."

"Kí lo wá ń ṣe níbí? Èèyàn wà lórí okùn! Padà sídìí ẹ̀rọ ẹ."

Okùn tún gbéra. Bàbá sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń jókòó, ó na ọwọ́ láti dá àga tó ń bọ̀ dúró.

"Bàbá," ni ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lọ́nà."

Ó kúrò.