Orin tí A Fi Ń Gba Oúnjẹ Olúwa

Nǹkan kì í tètè rí mi lára. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tún rédíò àti ẹ̀rọ agbóhùnsókè ṣe ní àdúgbò Kalley, ní ìlú Niamey ní ilẹ̀ Niger. Mo ti tú rédíò tí aáyán sọ di ilé ọmọ. Mo ti bá òkú eku gbígbẹ nínú sípíkà ilé ìwé kan, mo fi ọwọ́ ara mi kó o dànù, mo ṣan ọwọ́, mo sì lọ jẹ ìrẹsì mi. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán Sátidé kan lọ́dún tó kọjá, mo dìde láàárín àwọn ènìyàn tó múra dáadáa, mo jáde sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, mo sì bì sí ẹsẹ̀ ògiri. Orin ló fà á, orin tí mo fẹ́ràn ju gbogbo orin ayé lọ.

Ọwọ́ obìnrin Faransé kan ni orin náà ti dé ọwọ́ mi. Ó ti dàgbà díẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní orin, ó sì máa ń gbé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá bá mi nítorí pé eruku Niamey kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́ pẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí mo nu inú ẹ̀rọ náà tán, ó ní kí n fi kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ dán an wò. Fèrè kan ló kọ́kọ́ dún, òun nìkan, bí ẹni tó ń fọwọ́ tá ògiri wá ọ̀nà nínú yàrá tí iná ti kú. Lójijì, ó dákẹ́. Mo rò pé kásẹ́ẹ̀tì ti há ni, mo na ọwọ́ sí i, obìnrin náà di ọwọ́ mi mú. Ìgbà náà ni àwọn gòjé òyìnbó wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ogún wọn bí ẹyọ kan, wọ́n gba orin lẹ́nu fèrè náà. Mo dúró, irin iṣẹ́ lọ́wọ́, mi ò mọ̀ pé mo la ẹnu sílẹ̀.

"Madámù, orin ṣọ́ọ̀ṣì ni, àbí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Rárá, mésíò. Orin fíìmù ni. Ará ìlú wa kan ló kọ ọ́. Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn, kó máa kọ orin sí fíìmù."

Nígbà tó ń padà sí ìlú wọn pátápátá, ó kó kásẹ́ẹ̀tì mẹ́ta fún mi, gbogbo rẹ̀ iṣẹ́ ọkùnrin náà. Ara kásẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn ni ó ti dà á kọ, kò kọ orúkọ fíìmù kankan sí i, orúkọ ọkùnrin náà àti nọ́ńbà lásán ló kọ. Ó ní, "Ẹ máa gbọ́ ọ dáadáa. Ọkùnrin yìí kì í fi orin ṣe fíìmù lọ́ṣọ̀ọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú fíìmù kò gbọdọ̀ sọ, òun ló máa ń fi orin sọ." Mo mi orí bí ẹni tó yé.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì mẹ́ta yẹn láì rí ọ̀kan nínú àwọn fíìmù náà. Mo wá mọ ìwà ọkùnrin náà bí mo ṣe mọ ti ẹni tí a jọ ń gbé ilé. Kì í pe ohun èlò mẹ́wàá síbi tí ọ̀kan ti lè ṣe é. Ibi tí ẹlòmíràn ti máa pariwo ni òun ti máa ń dúró. Orin tó ń fò fẹ̀rẹ̀ lórí kásẹ́ẹ̀tì kìn-ín-ní á tún jáde lórí ẹ̀kẹta, á ti falẹ̀, ohùn rẹ̀ á ti rẹ̀, wàá sì mọ̀ pé ẹnì kan ti kú nínú ìtàn tí o kò rí. Mo sọ fún télọ̀ kan, ọmọ ẹ̀yà Zarma, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi pé ọkùnrin yìí mọ ìgbà tó yẹ kí ènìyàn pa ẹnu mọ́. Ó kí i ní èdè wọn, ó ní, "Fofo! Kó wá kọ́ àwọn oníbàárà mi."

Ìyàwó mi ló ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní ìjọ wa, ìjọ àwa Yorùbá tí a wá ṣòwò tàbí ṣiṣẹ́ ọwọ́ níbí. Èmi ni mo máa ń tẹ dùùrù. Lọ́jọ́ kan, nílé wa ní Bobiel, ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tí orin kẹrin lórí kásẹ́ẹ̀tì kejì, orin fèrè ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ń dún. Ó gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ, orin yìí gbọ́ Yorùbá o."

Mo mọ ohun tó ní lọ́kàn. Tí ohùn orin bá gun òkè níbi tí ọ̀rọ̀ wa ti ń sọ̀kalẹ̀, ọkọ̀ á di ọkọ́, ìyìn á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di èébú. Orin òyìnbó tí kò bá da ọ̀rọ̀ Yorùbá rú kò wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀wà tó jiná lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ ti jókòó sórí orin náà bí ẹni tó wọ ilé bàbá rẹ̀: "Wá, ọmọ ilé, wá jókòó, oúnjẹ rẹ ti délẹ̀." Ó di orin tí a fi ń gba oúnjẹ Olúwa. Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, bí bùrẹ́dì àti ife bá ti ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, òun ni a máa ń kọ, àwọn ìyá àgbà á sì máa nu ojú wọn nù.

Lọ́dún tó kọjá ni gbọ̀ngàn kan nígboro, níbi tí wọ́n ti ń fi fíìmù hàn, ránṣẹ́ pè mí. Awọ sípíkà ńlá wọn, èyí tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀, ti ya. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Bí mo ṣe ń kó irin iṣẹ́ mi, mo rí ìwé ìkéde lára ògiri: orúkọ ọkùnrin orí kásẹ́ẹ̀tì mi ni. Wọ́n fẹ́ fi ọ̀sán kan yẹ́ ẹ sí, wọ́n á sì fi ọ̀kan nínú àwọn fíìmù tó kọ orin sí hàn. Mo bẹ ọ̀gá tó ń ṣètò rẹ̀, ó fún mi ní àyè kan.

Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi ni mo wọ lọ. Àwọn ènìyàn ńlá wà níwájú, wọ́n gbé àwo ẹran díndín lé itan. Ọ̀gá náà ka ìwé kan fún wa títí ó fi sú mi. Ó ní orin ọkùnrin náà dùn bí oyin, ó tún un sọ tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Wọ́n wá pa iná.

Ìtàn ọlọ́rọ̀ kan ni, nínú ilé ńlá kan ní abúlé Faransé láyé àtijọ́. Ìyá àgbà kan ló ń dáná fún un. Ìyá náà máa ń di àjẹkù oúnjẹ sínú aṣọ lọ sílé. Ọlọ́rọ̀ náà ká a mọ́ ọn lọ́jọ́ tó ní àlejò púpọ̀. Kò pariwo. Ó rọra fi ìka tọ́ka abẹ́ tábìlì fún un, níbi tí àwo ajá rẹ̀ wà.

Ìgbà náà ni fèrè náà dún.

Ohun tó rí mi lára jù ni pé mo rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ orin mi, inú mi dùn, ẹ̀rín ti wà lẹ́nu mi kí ojú mi tó rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìyá àgbà náà kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí wọ́n ṣe pàṣẹ fún un, ó ki ẹnu bọ àwo. Ajá náà ń lá tirẹ̀, òun náà ń lá tirẹ̀. Ọbẹ̀ dà sí i lágbọ̀n, itọ́ ajá fà tín-ín-rín láti etí àwo dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Àwọn àlejò ń rẹ́rìn-ín nídìí tábìlì. Gòjé wọlé, nínú orí mi sì ni ohùn ìyàwó mi ti ń kọ ọ́: "Wá, ọmọ ilé, wá jókòó, oúnjẹ rẹ ti délẹ̀."

Àwọn kan nínú gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin tó wà níwájú mi rẹ́rìn-ín, ẹran ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, òróró ń dán létè rẹ̀. Ni mo bá dìde.

Nígbà tí mo bì tán, bàbá Zarma tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn gbọ̀ngàn gbé kẹ́tù omi rẹ̀ wá fún mi kí n fi ṣan ẹnu. "Kala suuru," ó ní kí n ṣe sùúrù. "Ṣé oúnjẹ wọn ni?"

"Orin ni, bàbá."

Ó wò mí, ó sì gba kẹ́tù rẹ̀ padà.

Mo fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ mi mọ̀ pé ògiri a máa dá ohùn òkè dúró, ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ á gba inú rẹ̀ kọjá. Orin náà ṣì ń lọ nínú ilé. Mi ò gbọ́ fèrè mọ́, mi ò gbọ́ gòjé kékeré. Ohun tó gba inú ògiri wọ ẹ̀yìn mi ni ohun kan tí mi ò gbọ́ rí láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá: gòjé ńlá méjì, wọ́n ń fa ohùn méjì tó sún mọ́ra jù tí kò sì bára mu, wọ́n ń lọ ara wọn bí ẹni tó ń payín keke. Kásẹ́ẹ̀tì mi, tí wọ́n dà kọ láti ara òmíràn, kò gbé e jáde rí. Sípíkà tí mo fọwọ́ ara mi tún ṣe ló gbé e jáde. Abẹ́ orin dídùn yẹn ló wà látọjọ́ yìí. Ọkùnrin tó kọ orin náà ti wo ìyá àgbà yẹn lábẹ́ tábìlì, inú rẹ̀ ti ru bíi tèmi, ó sì bì í sínú orin.

Mo wọlé padà, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí fíìmù fi parí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo lọ bá ọ̀gá náà.

"Ọ̀gá, ǹjẹ́ ẹ gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ yẹn, nígbà tí ìyá yẹn kúnlẹ̀?"

Ojú rẹ̀ fà ro. "Mo gbọ́ ọ, mésíò. Mo ti fẹ́ bá yín sọ ọ́. Sípíkà tí ẹ tún ṣe ń kùn. Ṣé ẹ lè bá wa dín in kù?"

"Kò bàjẹ́. Bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn."

"Ó ń ba adùn orin jẹ́," ó ní, ó sì yíjú sí ẹlòmíràn.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ti gbé oúnjẹ kalẹ̀. Mi ò lè fọwọ́ kàn án. Mo ròyìn fún un, mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Ọ̀la ni ọjọ́ oúnjẹ Olúwa. Mo ní ká fi orin náà sílẹ̀.

Ó fi ọmọrí dé àwo mi. "Ṣé wọ́n gbé ìyá yẹn dìde nígbẹ̀yìn?"

"Rárá. Ẹ̀gbẹ́ ààrò ló kú sí."

"Ẹ jẹ́ ká máa kọ ọ́ nígbà náà. Ní tiwa, a kò fi ẹnikẹ́ni sábẹ́ tábìlì."

Ó bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n kò wọ̀ mí lọ́kàn.

Lọ́jọ́ kejì, mo tẹ dùùrù. Nígbà tí a dé ẹsẹ kẹta, ọwọ́ òsì mi sọ̀kalẹ̀, mo tẹ ohùn méjì yẹn pọ̀, mo sì dì í mú. Orin gbọ̀n lẹ́nu ìjọ. Ìyá àgbà kan tí ife wà lọ́wọ́ rẹ̀ dúró, ó wo inú ife bóyá nǹkan ti bọ́ sí i. Ìyàwó mi wò mí, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì fi ohùn ara rẹ̀ wọ́ wọn dé òpin. Nígbà tí bùrẹ́dì kàn mí, itọ́ ajá ni mo ń rí. Mo dì í sínú áńkáṣífì.

Lẹ́yìn ìsìn, Pásítọ̀ béèrè pé, "Ṣé dùùrù wa ń ṣàìsàn ni?"

Ìyàwó mi dáhùn. "Rárá o, Pásítọ̀. Ọkọ mi ló ń ṣàìsàn."

Nígbà tí a délé, ó jókòó sí iwájú mi. "Ìjọ kò wo fíìmù yẹn. Kí ló dé tí ẹ fi fẹ́ kí wọ́n jẹ nínú ohun tí ẹ jẹ?"

"Kí n má baà dá jẹ ẹ́."

"Ìyẹn náà ò dáa," ó ní. Òótọ́ ló sọ.

Ẹlòmíràn ló ń tẹ dùùrù fún orin yẹn báyìí. Wọ́n ṣì ń kọ ọ́, àwọn ìyá ṣì ń sunkún. Èmi máa ń jókòó sẹ́yìn, mi ò sì ní lọ gba bùrẹ́dì títí orin á fi parí. Mo ti kan sípíkà ńlá kan sí ṣọ́ọ̀bù, mo tún gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti ìbẹ̀rẹ̀, mo ń wá ohun tó sọnù nísàlẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Mi ò mọ iye irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí mo ti rẹ́rìn-ín sí nínú àwọn orin yòókù. Mi ò tíì rí ẹni tó mọ orin í ṣẹ̀dá tó ọkùnrin náà, bí mo bá sì pàdé rẹ̀, màá dọ̀bálẹ̀ kí i, ṣùgbọ́n ara mi á bù máṣọ bí mo ṣe ń ṣe é.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀gá gbọ̀ngàn náà pè mí. Wọ́n tún fẹ́ fi fíìmù náà hàn, nítorí pé àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní kí n má ṣèyọnu, àwọn ti rí ẹlòmíràn tó bá wọn yọ kíkùn yẹn kúrò.

"Ó ti wá dùn wàyí, mésíò. Bí oyin."

Mo gé fóònù mọ́ ọn lẹ́nu.