Bàbá Tí Wọ́n Bá Mi Pín

Ẹ jẹ́ ká kan sáárá sí ẹni tó ń tún bàbá rẹ̀ ṣe. Iṣẹ́ ńlá ni. Kò gba bíríkì, kò gba irin, ahọ́n nìkan ló gbà. Lọ́dún tí ọ̀dá owó mú gbogbo Cameroon, tí ìjọba gé owó oṣù, tí àwọn ilé iṣẹ́ ń ti ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún lósì ní Douala, iṣẹ́ yìí nìkan ni kò dá ẹnikẹ́ni dúró. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì láàárọ̀ á ti di ọ̀gá ètò ààbò kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ń wa táàsì á ní bàbá òun wà ní ẹ̀ka ìrìnnà. Àwọn bàbá gan-an kì í gbọ́ pé wọ́n ti gbé àwọn ga. Títí dòní, mi ò tíì rí fáàrí tó kéré tó yìí, tó sì lọ́lá tó yìí.

Mo ti gboyè ní yunifásítì ní Yaoundé nígbà náà. Ìjọba kò gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́ mọ́, nítorí náà mo padà sílé bàbá mi ní Bonabéri, ní òdìkejì afárá, mo ń jẹun níbẹ̀. Bàbá mi ń dí ìkòkò tó jò. Abẹ́ páànù kan lẹ́bàá ọ̀nà ló máa ń jókòó sí, pẹ̀lú iná èédú, òjé àti òòlù kékeré, a máa tún garawa, bàsíà àti sítóòfù ṣe. Ọ̀dá owó tó lé àwa ọ̀mọ̀wé sílé ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ tán níwájú rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń ra ìkòkò tuntun.

Lọ́sàn-án Sátidé, mo máa ń wọ táàsì lọ sí Makepe, àdúgbò àwọn olówó, sílé obìnrin Faransé kan tó jẹ́ olùkọ́. Madame là ń pè é. Àwa mẹ́fà tó ń kọ̀wé la máa ń ka iṣẹ́ wa sí i létí. Lọ́dún yẹn, ó ní òun yóò yan ẹnì kan, òun yóò fi iṣẹ́ onítọ̀hún ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ òun tó ń tẹ ìwé ní Paris, onítọ̀hún yóò sì lọ lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀. Ẹnì kan péré. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná kóòtù òtútù níbi tí wọ́n ti ń ta ọ̀kírìkà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀ ni wọ́n ti bi mí pé kí ni bàbá mi ń ṣe. Mo ní ó wà nínú la métallurgie, ìyẹn iṣẹ́ irin. Irin ṣáà ni ìkòkò. Madame rò pé bàbá mi ní ilé iṣẹ́ irin, mi ò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ní Sátidé kan lọ́dún yẹn, nígbà tó kàn mí, mo ka ìtàn ọ̀gá ọ́fíìsì kan tí wọ́n gé owó oṣù rẹ̀, tó ń tan fíríìjì òfìfo nítorí àlejò.

"Ó dára," ni Madame wí, "ṣùgbọ́n irú èyí lè ṣẹlẹ̀ ní Lyon. Níbo ni Áfíríkà wà nínú rẹ̀?"

Ó ń ṣe mí bíi kí n sọ fún un pé inú fíríìjì ló wà.

Ẹni tó kà tẹ̀ lé mi ni ọmọ ọ̀gá aṣọ́bodè kan, ọmọ Makepe gidi, tí dírẹ́bà ń dúró dè lẹ́nu géètì. Ó la ìwé rẹ̀, ó ní: "Bàbá mi ń dí ìkòkò tó jò."

Mo jókòó dáadáa.

Ó ní bàbá òun máa ń gbé ìkòkò kọjú sí oòrùn, á di ojú kan, á máa wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ bí ìràwọ̀. Ó dárúkọ Bonabéri, ó dárúkọ páànù, ó tilẹ̀ mẹ́nu ba àpá iná tó wà ní àtàǹpàkò rẹ̀. Ó ní nígbà tí bàbá náà ń bọ̀ láti Nàìjíríà nínú ọkọ̀ ojú omi, ó so òòlù rẹ̀ mọ́ ìdí, pé bí òkun bá gbé òun lọ, kí ẹni tó bá rí òkú òun lè mọ̀ pé oníṣẹ́ ọwọ́ ni.

Mi ò gbọ́ ìyẹn rí. Òòlù yẹn ló fi bọ́ mi dàgbà, mi ò sì béèrè ọ̀nà tó gbà dé Douala. Madame ń nu ojú. Mo jowú bí ìyálé tó bá bàtà obìnrin mìíràn lẹ́nu ọ̀nà yàrá ọkọ rẹ̀.

Nígbà tí a jáde, mo bi í pé, "Ṣebí aṣọ́bodè ni bàbá ẹ?"

"Nínú ìwé, gbogbo òtòṣì ni bàbá mi."

"Aṣọ́bodè yẹn ńkọ́?"

"Ìyẹn ló ń san owó ilé ìwé."

Ó ní ìkòkò ìyá òun ni òun gbé lọ fún ọkùnrin náà, òun sì lo ọ̀sán mẹ́ta lọ́dọ̀ rẹ̀. Mi ò bá a pàdé níbẹ̀, torí láti ìgbà tí mo ti gboyè, mi ò kì í gba iwájú páànù náà kọjá lọ́sàn-án.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Madame ní òun fẹ́ ya fọ́tò bàbá inú ìtàn yìí, kí òun fi í mọ́ ìtàn náà ránṣẹ́. Ó yíjú sí mi. "Yorùbá bíi tìrẹ ni ọkùnrin náà. Bá wa lọ túmọ̀, kó lè sọ̀rọ̀ fàlàlà."

Lórí afárá, gbólóhùn kan ló wà lẹ́nu mi: bàbá mi nìyẹn. Bí mo bá sọ ọ́, ọmọ aṣọ́bodè di ẹni tó jí ìtàn olóhun gbé, oṣù mẹ́ta náà sì lè di tèmi. Ṣùgbọ́n wọ́n á mọ̀ pé èmi náà purọ́. Mi ò gbé gbólóhùn náà mì, mi ò sì tu ú jáde.

Ọmọ aṣọ́bodè ló ṣáájú. "Papa, how body?"

"My pikin, you don come," ni bàbá mi wí, ó ń rẹ́rìn-ín sí i.

Nígbà náà ló rí mi lẹ́yìn obìnrin òyìnbó, pẹ̀lú táì lọ́rùn. Mi ò dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ káàsán, sà," bí ẹni tó fẹ́ béèrè ọ̀nà. Ó wo táì náà, ó wo Madame, ó sì padà wò mí. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ló ti jágbe mọ́ mi pé mo jẹ ẹran àbúrò mi mọ́ tèmi. Ó mú àkísà, ó nu àga.

"Ẹ jókòó, ọ̀gá."

Mo jókòó.

Madame béèrè iye ọdún tó ti lò nídìí iṣẹ́. Mo túmọ̀. Ó béèrè bóyá ó bímọ.

Bàbá mi ń fẹ́ iná. "Ẹ sọ fún un pé mo ní ọ̀kan tó kàwé. Kì í sábà gba ibí kọjá."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Faransé tó já gaara ni mo fi túmọ̀ rẹ̀. Madame mi orí, ó káàánú rẹ̀. Ọmọ aṣọ́bodè gbé ọwọ́ lé èjìká bàbá mi fún fọ́tò, bàbá mi sì na ẹ̀yìn rẹ̀ gọọrọ. Báàgì Madame ni mo dì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, níbi tí fọ́tò kò dé.

Bí a ti ń padà lọ, Madame bi mí bóyá bàbá mi mọ irú ènìyàn báwọ̀nyí. Mo ní kò mọ̀ wọ́n.

Nígbà tí mo délé lálẹ́, bàbá mi ti bu oúnjẹ mi sílẹ̀, ó sì dé e. Kò tún pè mí ní ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ ni kò bi mí bí fọ́tò náà ṣe rí.

Ọmọ aṣọ́bodè lọ sí Paris. Wọ́n tẹ ìtàn rẹ̀, fọ́tò náà sì wà nínú rẹ̀, bàbá mi ń wo ayé lábẹ́ ọwọ́ ọlọ́wọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ọ̀rẹ́ mi yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri, pé ó lọ yá bàbá oníbàbá. Òótọ́ ni, ó yá a. Ṣùgbọ́n èmi náà ti tún bàbá mi ṣe, mo sì ṣe é lójú rẹ̀.