Alhaja Tó Ń Dijú Nídìí Sítíárìn

Láti ọdún tí mo ti ń kọ́ èèyàn ní mọ́tò n'Íbàdàn, mo ti rí onírúurú. Mo ti rí ẹni tó ń gbàdúrà gígùn kó tó yí kọ́kọ́rọ́, mo ti rí ẹni tó ń bú jíà bí ẹni tó ń bú orogún. Ṣùgbọ́n Alhaja Sikirat nìkan ni mo rí tó jẹ́ pé bí ọkọ̀ mìíràn bá ti yọ níwájú, wọ́n á ju sítíárìn sílẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àdúgbò Onírèké tó pa rọ́rọ́ la wà nígbà tí kẹ̀kẹ́ kan yọ. Bí kì í bá ṣe ti bíréèkì kejì tó máa ń wà lábẹ́ ẹsẹ̀ àwa tíṣà, inú gọ́tà là bá bá ara wa. Mo ní kí wọ́n máa lajú. Wọ́n ní àwọn náà fẹ́ lajú, ojú ni kò gbà.

Ǹ bá ti ní kí wọ́n máa wọ takisí lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn ní Dùgbẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ọkọ wọn ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Ojú Alhaji ti ń ṣú, dókítà sì ti ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ọkọ̀ mọ́. Alhaji fárígá. Wọ́n ní ọjọ́ tí ìyàwó àwọn bá mọ ọkọ̀ wà làwọn máa gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kò ní í yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Alhaji tí kò rí iwájú dáadáa yìí náà ló ń fi ọkọ̀ gbé Alhaja wá kọ́ ọkọ̀ lọ́dọ̀ mi ní Challenge. Lọ́jọ́ kan, táyà wọn gun ibi tí ìyá oníbúrẹ́dì kan ń pàtẹ sí. Ìyá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀ ni. Ẹ̀rù bà mí gidigidi, n kò sì fẹ́ gbọ́ pé wọ́n ti pa ẹnì kan.

Ọmọ wọn obìnrin tó ń kàwé, tó sì ń gbé Agbowó, ló mú ọ̀rọ̀ géèmù wá. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan wà lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ti ń fi géèmù sáré ọkọ̀, pé ó ní sítíárìn, ó sì ní bíréèkì. Mo rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn débẹ̀, kí n lè rí nǹkan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Alhaja jókòó tàwọn ti híjáàbù wọn láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń pariwo. Ọkọ̀ kan yọ nínú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n bojú, ọkọ̀ tiwọn fọ́ yángá. Wọ́n ṣíjú, wọ́n rí i pé nǹkan kan kò ṣe àwọn, ọkọ̀ náà sì ti tún dúró, ó ń dán. Wọ́n tún wà á, wọ́n tún fọ́ ọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu mi. Lójú títì, n kò lè jẹ́ kí Alhaja fọ́ ọkọ̀ ẹnikẹ́ni kí ẹ̀rù lè kúrò lára wọn. Níbí, wọ́n lè fọ́ ọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nígbà tó ṣe díẹ̀, wọn kì í bojú mọ́. Wọn kì í tún tẹjú mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́, ọ̀ọ́kán níbi tí ọ̀nà ń lọ ni wọ́n ń wò, ohun tí mo ti ń pariwo rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

Géèmù náà ní ìṣòro tirẹ̀ o. Nígbà tí wọ́n padà sínú ọkọ̀ mi, Alhaja ń gba kọ́nà bí ẹni tí wọ́n ń lé. Wọn kì í wo dígí ẹ̀gbẹ́ rárá, torí kò sí ọlọ́kadà nínú géèmù. Mo ní, "Alhaja, ẹni tí ẹ bá gbá níbí ò ní í tún dìde o." Wọ́n rọra.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ dán wọn wò, Ring Road la gbà. Takisí kan ṣàdédé já sí apá ọ̀dọ̀ wa, ó dojú kọ wá. N kò lè sọ bí ó ṣe rí, torí mo ti dijú. Ẹsẹ̀ mi ò tiẹ̀ dé orí bíréèkì kejì. Mo kàn gbọ́ fèrè ni, ọkọ̀ wa yà sí ọ̀tún, ó sì rọra dúró.

Alhaja ní, "Ẹ lajú, tíṣà. Ó ti kọjá."

A padà sí Challenge. Alhaji ń dúró dè wá nínú ọkọ̀ wọn, nídìí sítíárìn. Mo ròyìn gbogbo ẹ̀ fún wọn, mo sì fi ojú tèmi tí mo dì kún un. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ tọ ara ọkọ̀ títí wọ́n fi yí i ká dé ilẹ̀kùn kejì. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ bí ojú náà ṣe ṣú tó. Wọ́n jókòó, wọ́n na kọ́kọ́rọ́ sí ìyàwó wọn. Alhaja gbà á, wọ́n wo dígí ẹ̀gbẹ́, wọ́n sì gbé ọkọ wọn lọ sílé.