Omijé Inú Ìgò

Ẹ̀gbọ́n mi ló fi awò tí wọ́n ń fi lé ẹyinjú ránṣẹ́ sí mi láti London, irú èyí tí a ń lò fún ọjọ́ kan péré tí a sì ń jù nù. Mo gbé páálí rẹ̀ lọ bá dókítà ojú kan ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo, kí ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó.

"Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀," ni ó wí. "Omi ojú yín ló sì gbọ́dọ̀ máa mu kó má baà gbẹ. Ìgbàkígbà tí ẹ bá ṣẹ́jú, ìpéǹpéjú á tún fi omi rin ín. Tí ẹ bá tẹjú mọ́ nǹkan láìṣẹ́jú, ó gbẹ nìyẹn."

Ó fi ìgò kékeré kan lé e, ó ní omijé àtọwọ́dá ni, kí n máa kán an sójú nígbà ọyẹ́. Ẹ̀rín pa mí. Láti kékeré ni mo ti ń ka ìṣẹ́jú lára aago, n kò ronú rí pé ojú ni wọ́n fi ń ṣẹ́ ẹ.

Nígbà tí mo lọ sílé ní Iléṣà, màmá mi wo awò náà lórí ìka mi tìfuratìfura.

"Ó ń mu omi ejú rẹ?" Ejú ni àwa Ìjẹ̀ṣà ń pe ojú. "Má jẹ́ kó mu ún tán o. O ṣì máa fi sunkún mi."

A jọ rẹ́rìn-ín.

Nínú ọyẹ́ ọdún yẹn, mo wà nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí àbúrò bàbá mi wọlé. Kò jókòó. Ó ní kí n dìde ká máa lọ, pé màmá ti lọ. Mo parí ìlà tí mo ń tẹ̀. Títí ọkọ̀ fi gbé wa dé Iléṣà, mo kàn tẹjú mọ́ ọ̀nà ni. Awò tí mo fi sójú láàárọ̀ ọjọ́ náà lẹ̀ mọ́ ẹyinjú mi bí ìpẹ́ ẹja. Ojú nìkan ló ń ta mí, kò sí ibòmíì tó dùn mí.

Láti ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń gbọ́ ẹkún ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú. Èmi wọlé, mo ní, "Ẹ kú ìjókòó." Àwọn ìyá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá orin dúró. Àbúrò màmá mi obìnrin wò mí látòkè délẹ̀.

"Ejú rẹ gbẹ!"

Ìtìjú bò mí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò sí. Mo fẹ́ràn màmá mi ju ẹnikẹ́ni lọ, ẹkún kan ṣoṣo ni mo sì ń wá.

Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo gbójú sókè, mo kán omi inú ìgò yẹn sí i kí awò lè rọ̀. Ó ṣàn dé àgbọ̀n mi. Bí àbúrò màmá mi ṣe yọ sí mi nìyẹn.

"Háà, ó ti ń sunkún!"

Ó gbá mi mọ́ra, ó fi ìborùn rẹ̀ nù mí lójú, ó ní kí n máa sun ún lọ. Àwọn tó wà nínú ilé ń sọ pé, "Ó tó, ó tó." N kò jiyàn. Ìgò wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi.

Nígbà tó wọlé, mo yọ awò méjèèjì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbẹ lórí ìka mi, tí wọ́n ká bí èèpo àlùbọ́sà. Mo jù wọ́n nù. Mo ní ó dáa, kò sí ohun tó ń mu ún mọ́. Mo jókòó lórí odó màmá mi tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, mo ṣẹ́jú, mo tún ṣẹ́jú, mo dúró dè é.

Omi kankan kò wá, kò sì sí awò tí mo lè dá lẹ́bi.