Àwo Orin Ítálì Tí Mo Gbé Lọ sí Forest Hill

Bí mo ṣe kírun àsùbáà tán ni mo jáde nílé wa ní Peckham. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa, òtútù sì ń mú. Àwo orin kan ló wà nínú báàgì mi, àkójọ àwọn orin tó lókìkí jù lọ tí ẹgbẹ́ olórin Ítálì kan kọ. Ọkùnrin mẹ́rin onírun gígùn ló wà lára páálí rẹ̀, tí wọ́n dúró sétí òkun.

Kí n tó dé London, Brescia ni mo gbé fún ọdún púpọ̀, tí mò ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ. Mi ò gbọ́ èdè wọn, mi ò sì lẹ́nìkan. Rédíò ilé ìdáná ló kọ́ mi. Bí àwọn ọkùnrin yìí bá ti ń kọrin, èmi náà á máa gbè é, títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ohun tí mò ń sọ.

Nímọ́tà ọmọ mi ló pè mí. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Forest Hill. Ó ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa dá sí i. Màmá Italian kan wà ní floor wa, English ti kúrò lẹ́nu wọn pátápátá. Wọn ò jẹun mọ́. Mo ti sọ fún manager, ó ní kẹ́ ẹ máa bọ̀."

Pọ́n-ùn kan àti pẹ́nsì márùndínlọ́gọ́rin ni wọ́n ń gbà nínú bọ́ọ̀sì. Ọmọ Yorùbá ni awakọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Mummy. Ibo lẹ̀ ń lọ ní kùtù báyìí?"

"Forest Hill ni, ọmọ mi. Mo fẹ́ lọ kọrin fún ìyá kan."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣáà fi díẹ̀ ta wá lọ́rẹ kẹ́ ẹ tó bọ́ sílẹ̀."

Kò tún sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ mọ́. Kálukú gbájú mọ́ fóònù rẹ̀. Nílé lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ti bí wa, ká tó gun òkè tó wà níwájú yẹn tán, a ò bá ti mọ ọmọ ta ni ara rẹ̀ ò yá.

Nímọ́tà mú mi wọ yàrá ìyá náà. Wọ́n kọjú sí fèrèsé, abọ́ òògi òyìnbó, ìyẹn oats, sì ti tutù níwájú wọn. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Buongiorno, nonna." Ẹ káàárọ̀, ìyá àgbà, nìyẹn. Wọn ò wò mí. Mo fi àwo náà sínú ẹ̀rọ orin tó wà ní yàrá náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é. Wọ́n yíjú padà. Nímọ́tà ti di tíṣù mú, ó rò pé omijé fẹ́ dé.

"Basta!" ni ìyá náà ké mọ́ mi. Ó tó gẹ́ẹ́ nìyẹn. "Pa á! Ọkọ mi fi àwọn aláriwo yìí dá mi lágara títí ó fi kú. Ohùn wọn dà bí ewúrẹ́ tójò ń pa!"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo ní, "Nonna, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn nìkan ni mo ní nígbà tí mi ò léèyàn."

"A jẹ́ pé o ò gbọ́ orin gidi rí. Ta ló tiẹ̀ kọ́ ẹ lédè wa? O ń sọ̀rọ̀ bí ará Brescia!"

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn nìyẹn. Mò ń gbèjà àwọn olórin mi, ìyá náà ń bú wọn. Ibi tí wọ́n ti ń bú wọn lọ́wọ́ ni wọ́n ti fa abọ́ òògi mọ́ra, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n ní kò níyọ̀, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán.

Ọ̀sán ti pọ́n kí n tó délé. Bàbá Nímọ́tà bi mí bóyá ìyá náà gbádùn orin.

Mo ní, "Rárá o. Ìjà la jà."

Mo ti rò pé ohun dídùn nìkan là ń gbé tọ ẹni tó bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ilé yẹn ló ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni sí ohunkóhun tí ìyá náà bá sọ, torí pé wọn ò gbọ́ èdè Ítálì. Ẹni tó máa bá ìyá náà jiyàn ni kò sí.