Bí Mo Ṣe Di Tíṣà Ọjọ́ Ìsinmi Amẹ́ríkà ní Dagenham

Ẹni tó bá rò pé àwọn ará Amẹ́ríkà kì í sinmi, kó wá bi mí. Mo mọ gbogbo ọjọ́ tí wọ́n fi ń ti báǹkì pa, mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń tì í, mo sì mọ irú ẹ̀jẹ̀ tó ti ṣàn kí ìdí náà tó wáyé. Èmi tí n kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà rí láyé mi! Dagenham ni mò ń gbé. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Dagenham Dock ni mo ti ń ṣiṣẹ́, a máa ń kó páálí sínú lọ́rì láti ìyálẹ̀ta títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló sọ mí di ọ̀mọ̀wé ọ̀ràn tí kò kàn mí.

Houston ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, wọ́n ń tọ́jú àwọn arúgbó níbẹ̀. Ọjọ́ tí a sin ìyá wa ní Ìjẹ̀bú la ríra gbẹ̀yìn, ó ti pé ọdún mọ́kànlá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tọrọ fisà láti wá kí mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìjọba níbí dá ìwé wọn padà. Èyí tó gbẹ̀yìn ní kò dájú pé wọ́n á padà síbi tí wọ́n ti wá, bí ẹni pé ẹni tó ń yá oòrùn ní Houston lè wá fara pamọ́ sínú òjò Dagenham. Èmi náà kò lè lọ bá wọn. Ìwé ìgbélùú tèmi ṣì wà níwájú ìjọba, bí mo bá sì jáde kó tó yanjú, mo ti bà á jẹ́ nìyẹn. Lọ́yà wọn ló wá sọ pé ọ̀nà kan ló kù: kí wọ́n di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ní pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà kì í tọrọ fisà kó tó wọ London. Ṣùgbọ́n ìdánwò ń bẹ níbẹ̀, wọ́n á bi èèyàn ní ìtàn ìlú náà lójúkojú. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá yege, a ó ríra. Bí wọn ò bá yege, ojú fóònù la ó máa bára wa gbé lọ.

Wọ́n ní èmi ni n ó kọ́ wọn. Mo ní kí ló kan èmi, àbí kò sí tíṣà ní Houston ni? Wọ́n ní, "Ìwọ lo kàwé." Nígbà tí agbára bàbá wa kò ká ọmọ méjì nílé ẹ̀kọ́ mọ́, ẹ̀gbọ́n mi ló kúrò ní Fọ́ọ̀mù Tíríì, tí wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ, kí èmi lè máa bá a lọ. Ẹni tó ṣe irú ìyẹn fún ọ, bó bá ní kó o wá kọ́ òun ní ìtàn ìlú àwọn ará inú òṣùpá, wàá lọ ra ìwé ni.

Bí ẹ̀kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá gba ìsinmi níbi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, màá lọ jókòó sínú ọkọ̀ mi lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí, oúnjẹ á wà lórí itan mi, fóònù á wà lójú mi. Òwúrọ̀ ṣì ni lọ́dọ̀ tiwọn. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó gba ìṣẹ́jú márùn-ún, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń ṣe é, torí pé ẹ̀gbọ́n mi kì í dáhùn ìbéèrè, wọ́n máa ń bi ìbéèrè léèrè ni.

Mo ní kí ni wọ́n ń ṣe ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje? Wọ́n ní òmìnira. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ síwájú. Wọn ò tẹ̀ síwájú o. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ọba ìlú tí mò ń gbé yìí ni wọ́n gba òmìnira lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní bàbá ńlá rẹ̀ ni. Wọ́n bá ń kí mi kú ìjákulẹ̀, bí ẹni pé èmi ni mo pàdánù ilẹ̀ náà. Ìgbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, wọ́n bi mí pé àwọn ẹrú ńkọ́, ṣé àwọn náà gba òmìnira lọ́jọ́ yẹn? Mo ní rárá, oko ni wọ́n wà. Wọ́n ní kí ni wọ́n wá ń yin iná sí ojú ọ̀run fún? Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò ní bi yín ní ìyẹn." Wọ́n ní ó yẹ kí wọ́n bi àwọn.

Ti Juneteenth ló tún le jù. Mo ṣàlàyé pé wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ẹrú ti di òmìnira, ṣùgbọ́n ó lé ní ọdún méjì kí àwọn ṣójà tó dé Texas láti kà á fún wọn, ìyẹn ni wọ́n fi ń ṣọdún ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹfà. Ẹ̀gbọ́n mi béèrè pé ọwọ́ ta ni ìwé náà wà fún ọdún méjì. Mo ní àwọn olóko gbọ́, wọ́n kàn fẹ́ kí àwọn ẹrú bá wọn kórè òwú sí i ni. Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ̀rọ̀ ìdánwò mọ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ń sọ ọ́ lásọtúnsọ pé Texas táwọn ń gbé yìí náà ni. Ìsinmi mi tán, oúnjẹ mi di yìnyín, a ò tíì dé ọjọ́ tó kàn nínú ìwé.

Ti Labor Day, wọ́n ní ìjàngbọ̀n wo ló mú ará Amẹ́ríkà gbé ọjọ́ òṣìṣẹ́ tiwọn sí oṣù kẹsàn-án nígbà tí gbogbo ayé ń ṣe é ní oṣù karùn-ún. Ti Thanksgiving, ọjọ́ ìdúpẹ́ ará Amẹ́ríkà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́rìí. Aláṣọ funfun ni ẹ̀gbọ́n mi nínú ìjọ, ìkórè ọdọọdún kì í sì í kọjá lára wọn. Wọ́n ń sọ ohun tí Olúwa ṣe fún wọn láti ìgbà tí wọ́n ti balẹ̀ ní Houston. Mo ní ìdánwò ni, kì í ṣe ẹ̀rí, ẹ dáhùn ní gbólóhùn kan kí ẹ pa ẹnu dé. Wọ́n ní, "Èmi lò ń sọ fún pé kí n pa ẹnu dé?" Mo tọrọ àforíjì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí ìyẹn.

Oṣù kọkànlá la wá kan Veterans Day. Ní London níbí, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí lóṣù yẹn: òdòdó pupa ní àyà gbogbo èèyàn, àwọn tó ń wa fọ́kílíìfù, ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù, pàápàá a máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ iṣẹ́ wọn. Ní ọjọ́ kọkànlá, wọ́n pa ẹ̀rọ wa, gbogbo wa dúró wámúwámú fún ìṣẹ́jú méjì nítorí àwọn tó kú sógun. Nítorí náà nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ní ọjọ́ náà wà fún gbogbo ẹni tó bá ti ṣe ṣójà rí, òkú àti alààyè, pé àwọn òkú ní ọjọ́ tiwọn lóṣù karùn-ún, mo ní irọ́ ni. Wọ́n ní ìwé àwọn ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ìwé yín ṣì í kọ, ogun kan náà ló bí ọjọ́ náà lọ́hùn-ún àti níbí, òkú ni wọ́n ń rántí. Ó ti sú mi, ìsinmi mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, mo bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣẹ̀fẹ̀ tí kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Mo ní, "Ta ló kàwé nínú àwa méjèèjì?"

Wọ́n ní, "Ó dáa, tíṣà."

Oṣù kìíní ni wọ́n ṣe ìdánwò. Ìbéèrè kan péré ló kù kí wọ́n yege. Wọ́n ka díẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n ṣì fún mi lórí fóònù: orúkọ odò kan, iye àwọn aṣòfin, àti Veterans Day. Wọ́n ní àwọn sọ pé òkú ológun ni, obìnrin tó jókòó níwájú wọn kàn yí ojú padà, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Wọ́n ní orí àwọn ló ti gbó. Ìjọba fún wọn láyè kan ṣoṣo sí i, lẹ́yìn oṣù méjì. Bí wọ́n bá tún ṣubú, kí wọ́n lọ bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, Ọlọ́run ń bẹ. Mo pa fóònù. Mo lọ wo ìwé náà lórí ayélujára. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe sọ ọ́ gan-an ló wà níbẹ̀.

Ìyàwó mi bi mí bóyá mo ti sọ fún wọn. Mo ní kí ni n ó sọ, ṣebí wọ́n ṣi àwọn mìíràn náà. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi ń ṣe lọ́yà ara mi nínú ilé. Lọ́jọ́ kẹta, ìyàwó mi gbé abọ́ tó ń fọ̀ sílẹ̀, ó ní, "Àwọn tó kù, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ṣì í. Ìyẹn, ẹ̀yin lẹ gbé e fún wọn."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo gbé fóònù lé iwájú ọkọ̀ mi lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí, mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kọnkéré, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ tó ń tàn bí iná. Awakọ̀ lọ́rì kan dúró, ó bi mí bóyá kí òun pe ọkọ̀ aláìsàn. Mo ní mò ń bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ ni.

"Níbo lo wà?" ni wọ́n ń wí. "Ojú ọ̀run nìkan ni mò ń rí."

"Mo wà nílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo ṣì yín lọ́nà. Ẹ̀yin lẹ gbà á."

"Mo mọ̀. Bí obìnrin yẹn ṣe yíjú padà ni mo ti mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò bú mi?"

"Bí mo bá bú ẹ, ojú á tì ẹ́, o ò ní pè mọ́. Dìde, ilẹ̀ ibẹ̀ tutù."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti gba ẹgba lọ́wọ́ tíṣà. Àwọn ló ń béèrè, èmi ló ń dáhùn, tí mo bá sì ṣì í, wọ́n á ní ọ̀gá ni mí, kí n tún un sọ. Mo jẹ ìyà oṣù méjì. Ìgbà tí wọ́n padà lọ ṣe ìdánwò náà, wọ́n yege. Mo ní ọjọ́ ìsinmi wo ni wọ́n bi yín? Wọ́n ní wọn ò bi àwọn ní ìkankan. Ẹ gbọ́ mi: ìkankan!

Wọ́n búra, wọ́n gba pásípọ́ọ̀tù, wọ́n sì balẹ̀ ní Heathrow ní ọjọ́ Ajé tó kẹ́yìn oṣù karùn-ún. Amẹ́ríkà ń rántí òkú ológun lọ́jọ́ náà, London náà sì wà nílé. Nínú ọkọ̀ wọ́n bi mí pé kí la ń rántí níbí. Mo ní a kì í rántí nǹkan kan, ìjọba kàn ní ká má wá síbi iṣẹ́ ni.

"Ẹ kàn jókòó sílé, ẹ ò mọ ìdí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn dára ju kéèyàn máa kó ìdí jọ bíi tiyín. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ láti ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi, wọ́n sì fa etí mi. Ó ta mí gan-an. Iná pupa ló dá wa dúró, mi ò sì gbé orí mi kúrò lọ́wọ́ wọn títí iná náà fi yí padà.